Ìdí Kò Gbọdọ̀ Kúrò Nílẹ̀

Ká ní Ọláṣùpọ̀ mọ̀ ni, ì bá fi Bámiṣayé sílẹ̀ kó jókòó jẹ́jẹ́ sórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ranko lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọláṣùpọ̀ ni ẹ̀gbọ́n, yàrá tí Bámiṣayé ń gbé nílé bàbá wọn ní àdúgbò Kpata, ní Lokoja, ló sì wọ̀ ọ́ lójú, ó fẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí àbúrò òun padà sábúlé, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ bá a lórí ẹní.

Orí ẹní kẹ̀! Ibẹ̀ náà ló kúkú fẹ́ẹ̀ kú sí. Lẹ́yìn tí tírélà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ́nà Ọbájánà, tí wọ́n gé wọn, abúlé ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ìdí rẹ̀ di egbò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, oorun dá lójú rẹ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kó wá mú òun lọ. Ìgbà tó dé Lokoja, tó bá àwọn tó ń jókòó gbá fọ́líbọ́ọ̀lù ní àdúgbò Crusher pàdé, ni ara rẹ̀ tó bọ̀ sípò. Àwọ̀n wọn kò ga, òfin wọn kò sì ṣòro: ìdí kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ bí èèyàn bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ́ra kiri, síwá, sẹ́yìn, kíákíá. Egbò jiná. Ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀. Apá rẹ̀ le koko. Bó bá tún padà sórí ẹní yẹn, á kú, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, bó ṣe ń múra àtilọ gbá bọ́ọ̀lù, ni Ọláṣùpọ̀ já wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹrù rẹ̀ síta.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹrù mi sílẹ̀.”

“Pa ẹnu ẹ dé! Ọkọ̀ ń dúró níta. Arọ wo ló ń gbá bọ́ọ̀lù?”

Bámiṣayé di ilẹ̀kùn mú. Ni Ọláṣùpọ̀ bá fọ́ ọ létí, ó tún fọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dà nímú rẹ̀. Kò jẹ́ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fa bẹ́líìtì yọ, ó nà án lójú, lórí, léjìká, kò wo ibi tó ń bà. Adéòkè, ìyàwó Bámiṣayé, sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, Ọláṣùpọ̀ tì í lu ògiri gbàgà. Ó wá ṣe àṣìṣe rẹ̀ wàyí: ó ta kẹ̀kẹ́ arọ náà nípàá, ó da àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó rò pé ó parí nìyẹn.

Háà, ilẹ̀ kẹ̀! Ilẹ̀ ni pápá Bámiṣayé.

Ó fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì, ó gbá Ọláṣùpọ̀ lójúgun mú, ó fà á. Ẹ̀gbọ́n ṣubú gbì, ẹ̀yìn orí rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Ó fẹ́ dìde, Bámiṣayé gbá a láyà, ó padà sílẹ̀. Ó yí sápá kejì, Bámiṣayé ti wọ́ débẹ̀ dè é. Ó lù ú lẹ́nu, eyín kan yọ. Ó gun àyà rẹ̀, ó fún un lọ́rùn. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Gbogbo “arọ, arọ” tó ti ń gbé mì látọjọ́ yìí ló ń fi ọwọ́ méjèèjì dá padà. Ojú Ọláṣùpọ̀ yọ síta, ẹnu rẹ̀ ń hó.

“Bàbá Ṣèyí, ẹ máa pa á o!” Adéòkè ké sí ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ ba Bámiṣayé. Ó tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ láyà rẹ̀.

Ọláṣùpọ̀ wúkọ́, ó tu ẹ̀jẹ̀. “Ta... ta ló kọ́ ẹ níjà?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níjà, ẹ̀gbọ́n. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́ mi. Ṣé mo ṣì ń lọ sábúlé?”

Ọláṣùpọ̀ mi orí pé rárá.

“Mi ò gbọ́ yín.”

“O ò lọ mọ́. Bámiṣayé, o ò lọ síbì kankan mọ́,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ìgbà náà ni Bámiṣayé tó sọ̀ kalẹ̀ láyà rẹ̀, tí òun náà sì bú sẹ́kún.