Irin Tó Ń Tẹ̀ Tó Ń Dìde

Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ló fi okùn fa mọ́tò Sàídì wọ àgbàlá àgbẹ̀dẹ Ògúndèyí lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní àsìkò òjò. Ogun Jámánì ti parí láti ọdún mẹ́ta, mọ́tò sì ṣì ṣọ̀wọ́n ní Ẹdẹ. Sàídì, oníṣòwò òwú àti ẹ̀pà, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé láti Òṣogbo. Mọ́tò náà ti gbó kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi kó ẹrù láti Sẹ̀kọ̀nà àti Alájùẹ wá sí ibùdó rélùwéè, kò sì já a kulẹ̀ títí di ọjọ́ tí afárá onígi já lábẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà. Ìyàndá dírẹ́bà fò bọ́ sílẹ̀. Mọ́tò forí sọ odò.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ jáde, iwájú rẹ̀ ti wó lulẹ̀ bí àgbò tó kúnlẹ̀. Igi mẹ́rin ti kán nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, àgbá omi tó wà níwájú rẹ̀ sì ti lu.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Sàídì wí. "Mo tẹ wáyà sí Èkó. Wọ́n ní kí n dúró fún oṣù mẹ́fà kí ohun tí wọn yóò fi tún un ṣe tó ti òkè òkun dé. N kò lè dúró. Ẹ bá mi gé e. Irin rẹ̀ á ṣe ọkọ́ àti àdá fún àwọn ará oko mi."

Ògúndèyí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti kékeré ló ti ń rọ irin, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kan mọ́tò rí. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì rá wọ abẹ́ mọ́tò. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó fa okùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í túká.

"Kí lèyí ń ṣe?" ó béèrè láti abẹ́ ibẹ̀.

Ìyàndá lóṣòó láti wo ohun tó ń tọ́ka sí. "Sípíríǹgì ni wọ́n ń pè é, Bàbá."

"Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní, kí ló ń ṣe?"

Ìyàndá tún irin náà wò. Mọ́tò wíwà nìkan ni wọ́n kọ́ ọ n'Íbàdàn. Nígbà tó yá, ó ní, "Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà gbo èèyàn jù."

Irin pẹlẹbẹ méje ni, wọ́n tò ó léra wọn, wọ́n sì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Mẹ́ta ti dá. Ògúndèyí yọ ọ̀kan, ó gbé e bọ́ síta oòrùn. Ojú ibi tó ti dá kúnná bí èlùbọ́. Irin tí òun ń lò, bó bá dá, ojú rẹ̀ kì í kúnná, bí iyanrìn odò ló ń rí.

"Sàídì," ó wí, "fún mi ní ìtàdógún kan. Bí n kò bá rí ìdí rẹ̀, màá gé e fún ọ."

"Bàbá, ṣé ẹ lè tún un ṣe ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ni."

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ mọ́tò kò le. Fágbèmí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ igi mẹ́rin láti ara ayán, ó fi àwọn tó kù wọ̀n wọ́n, wọ́n sì wọ ojú ihò wọn gẹ́lẹ́. Ògúndèyí yọ́ òjé, ó fi dí àgbá omi. Ó jò lẹ́ẹ̀mejì, ó dí i lẹ́ẹ̀kẹta, kò jò mọ́.

Sípíríǹgì ló kù. Ògúndèyí kó ọkọ́ tó ti jẹ jọ, ó rọ wọ́n di irin pẹlẹbẹ mẹ́ta, ó tẹ̀ wọ́n bí ti òyìnbó. Lójú, kò sí ìyàtọ̀. Wọ́n so wọ́n mọ́ abẹ́ mọ́tò, wọ́n sì di àpò òwú sí i. Iwájú mọ́tò rọra ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, irin náà wà ní ibi tó tẹ̀ dé. Kò dìde.

"Ó ti kú," ni Ìyàndá wí.

"Kò yè rí," ni Ògúndèyí dáhùn. "Irin yìí kì í ṣe irú ìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú irin tó dá náà lọ́wọ́, ó gba ibùdó rélùwéè lọ. Òkìtì irin àlòkù wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ó ń fi òkúta lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí sí wọn, ó tún ń lu èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn lébìrà ń rẹ́rìn-ín. Akínwálé, tó jẹ́ olórí wọn, sún mọ́ ọn.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?"

"Ẹni tí ohùn rẹ̀ jọ ti èyí."

Akínwálé wo irin ọwọ́ rẹ̀, ó yípo òkìtì náà, ó sì fa irin gígùn kan yọ lábẹ́ ìpàǹtí. Ara kẹ̀kẹ́ ẹrù rélùwéè kan tó dojú dé ni wọ́n ti tú u. Ògúndèyí lù ú. Ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì pẹ́ kó tó kú. Inú bàbá náà dùn.

"Ẹ máa gbé e lọ," ni Akínwálé wí. "A ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀."

Ògúndèyí kò gé irin náà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ gé èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó fi iná sí i títí ó fi pọ́n, ó tì í bọ omi bó ṣe máa ń ṣe fún àdá. Irin náà ké pẹ́ẹ́, ó sì sán. Ó gé òmíràn, òun náà sán. Nígbà tí ẹ̀kẹta sán, ó jókòó, ó ń wò wọ́n.

Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń yọ àdín ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ń gbọ́ igbe irin náà láti àárọ̀. Ó yọjú.

"Baba Ọládòṣù, kí lẹ ń dà lé e tó fi ń ké báyẹn?"

"Omi ni."

"Omi ọ̀hún ti tutù jù fún un nìyẹn. Ìkòkò mi tó bá ti gbóná lórí iná, bí mo bá da omi sí i, fífọ́ ló ń fọ́. Bí mo bá da àdín sí i, kì í ṣe é ní nǹkan kan."

Ògúndèyí gbójú sókè. "Ó ṣẹ́ kù?"

"Kí ló ṣẹ́ kù?"

"Àdín."

Àdùkẹ́ gbé ìkòkò kan wá, kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ rí i. Nígbà tí irin pípọ́n wọ àdín, iná là bùlà, èéfín kún àgbẹ̀dẹ, gbogbo wọn sá síta, wọ́n ń wúkọ́. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, kò sán. Ṣùgbọ́n bí Ògúndèyí ṣe fi ọmọ owú kàn án, ó dá sí méjì.

"Ó ti le jù," ni Àdùkẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. A ní láti mú kó rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ti pọ̀ tó?"

Ó gé irin kéékèèké mẹ́ta, ó fi àdín pa iná wọn, ó nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó sì tún tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ọ̀kan sún mọ́ ọn ju èkejì lọ. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára wọn. Èyí tó jìnnà pọ́n bí koríko gbígbẹ, èyí tó tẹ̀ lé e dúdú bí àwọ̀ obì, òmíràn sì jọ aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró jáde. Wọ́n tutù, ó sì dán wọn wò. Ti koríko dá. Ti obì dá. Ó há ti aró sáàárín òkúta méjì, ó fi gbogbo agbára fà á. Ó tẹ̀. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, irin náà ta padà, ó sì gbá a lójúgun.

Ògúndèyí di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ni Àdùkẹ́ ti wà nílé rẹ̀, kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Bó ṣe ṣe ti aró ló ṣe rọ irin rélùwéè náà di pẹlẹbẹ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, mọ́tò dìde. Sàídì yí i po, ó tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Alihamudulilai," ó wí jẹ́jẹ́. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Ẹ wá jókòó síwájú. Ká jọ dé Sẹ̀kọ̀nà."

Ògúndèyí kò gbà láti jókòó. Orí pákó ìtẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ló dojú bolẹ̀ sí, ó di igi ìlẹ̀kùn mú, ó na ọrùn kó lè máa wo sípíríǹgì. Ìyàndá ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde, kó má ṣubú.

"Wa mọ́tò ẹ," ni bàbá náà wí. "Ibi tí kòtò bá wà gan-an ni kó o gbà."

Ìyàndá gba inú kòtò. Irin tẹ̀, irin dìde. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, Ìyàndá rọra lọ, ojú rẹ̀ le koko. Wọ́n kọjá. Ògúndèyí kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti kọjá odò.

Mọ́tò yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin sí i. Ó máa ń bàjẹ́, wọ́n sì máa ń gbé e padà wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bí wọ́n ṣe dúró ní Sẹ̀kọ̀nà, tí èrò ọjà yí wọn ká, Sàídì ń wá bàbá láti fi í han àwọn ènìyàn, kò rí i. Abẹ́ mọ́tò ló wà, ọwọ́ rẹ̀ lára irin.

"Ìyàndá," ó pè, "wá fọwọ́ kan ibí yìí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò sí iná lábẹ́ ibí. Oòrùn kò dé ibẹ̀. Kí ló mú un gbóná?"

Ìyàndá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. "Bàbá, mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀," ni Ògúndèyí wí. Ó rá jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó yí mọ́tò ká bóyá wọ́n lè bá òun rí ègé wáyà kan tí òun lè máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn, kí òun wò ó bóyá yóò gbóná.