Ọjọ́ Tí Ọmọ́ṣọlá Kúrò ní Ìrókò

Ìgbà kẹta nìyí tí Múyìwá di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ìgbà kẹta sì nìyí tí Ọmọ́ṣọlá fi igbe ta, tó jókòó sílẹ̀ níwájú mọ́tò Píjò, tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Fi í sílẹ̀," Hàjàrá wí. "Kì í fẹ́ kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú. Ṣíwájú rẹ̀, á tẹ̀ lé ọ."

Múyìwá ṣíwájú. Ọmọ́ṣọlá kò mira.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ọmọ́ṣọlá lọ́dún náà, 1994, kò sì sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ gbé e káàkiri orí òkè àdúrà, ó gbààwẹ̀ títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tó yá, ó mú un wá sábẹ́ ahéré tí àwọn obìnrin Ìrókò ti ń yan gàrí, ó ní kí wọ́n bá òun wò ó. Wọ́n bá a wò ó. Hàjàrá, tí ààrò rẹ̀ wà létí ọ̀nà, ló fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, tó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Kò pẹ́ tí kò fi sẹ́ni tó lè bá a dọ́gba nídìí rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹ̀bà rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á ti tú gèlè, á fi wé e létí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù.

Oṣù tó kọjá ni ìyá rẹ̀ kú. Múyìwá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, akọ̀wé ìjọba ní Ìbàdàn, ló wá mú un lọ.

"Ìyá, kí ni wọ́n á ní mo ṣe?" ó ti bi Hàjàrá láàárọ̀. "Pé ìyá wa kú tán, mo fi àbúrò mi sílẹ̀ fún ará ìta?"

Kò sọ ọ́ kó lè dun ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ pọ́n bó ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Hàjàrá kò bá wọn tan níbì kankan, ọ̀rọ̀ náà sì kàn án lójú ọgbẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ta ni kò pọ̀n ọ́n nínú wọn lábẹ́ ahéré yẹn? Ó gbé èrò náà mì. Ó sọ ti ọbẹ̀ fún Múyìwá, ó sọ ti òjò. Múyìwá yọ bírò, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Wàyí o, níwájú mọ́tò, òógùn ti bo ojú Múyìwá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá wa kọ́kọ́ wọ mọ́tò, á tẹ̀ lé yín."

Hàjàrá wo Ọmọ́ṣọlá nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò, ó wọlé, ó sún sí ìkángun. Ọmọ́ṣọlá dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára, ó wọlé tẹ̀ lé e, ó jókòó tì í bó ti máa ń ṣe nídìí ẹ̀gẹ́. Ó tilẹ̀ ń kùn lọ́fun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ti máa ń kùn bí ara bá tù ú.

Múyìwá ti ilẹ̀kùn. Hàjàrá ṣí ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó bọ́ sílẹ̀.

Kíkùn náà dá. Mọ́tò gbéra, ó kọrí sí ọ̀nà Mọ́níyà.

Nígbà tí Hàjàrá padà sábẹ́ ahéré, Morónikẹ́, tí wọ́n jọ ń yan gàrí, bi í pé, "Ṣé ó sunkún?"

"Kò sunkún. Ó ń wo ilẹ̀kùn tí mo gbà jáde."

Hàjàrá jókòó, ó mú ẹ̀gẹ́ kan, kò bẹ ẹ́. Múyìwá béèrè ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀: ohun tí Ọmọ́ṣọlá ń jẹ, bó ti ń sùn, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ibi tó wù ú láti gbé nìkan ni kò béèrè. Hàjàrá ì bá sì ti sọ ọ́ fún un, bí kò tilẹ̀ béèrè.

Fi í sílẹ̀ fún wa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti òwúrọ̀ ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sọ ọ́.