Tákàbá Inú Ilé Àbẹ̀bí

Ẹsẹ̀ Ràfíátù ló wú tó iṣu, kì í ṣe ti Àbẹ̀bí, ṣùgbọ́n Àbẹ̀bí ni kò rí oorun sùn. Ràfíátù ni ìyàwó ọmọ rẹ̀, opó Múrítàlá tó lọ ṣòwò ní Àbíjàn tí kò padà wálé mọ́. Bùràímọ̀, ọ̀rẹ́ Múrítàlá tí wọ́n jọ wà lọ́hùn-ún, ló mú ìròyìn ikú náà wá sí Ẹ̀jìgbò nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni Ràfíátù bẹ̀rẹ̀ tákàbá, ọ̀fọ̀ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin mùsùlùmí máa ń ṣe fún ọkọ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá a wí, ohun tó tọ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n tákàbá tirẹ̀ kọjá ààlà. Àwọn opó yòókù kì í fín lọ́fínńdà, wọn kì í lé tìróò. Òun ò wẹ̀ rárá. Àwọn yẹn ń jẹun. Bí Àbẹ̀bí bá gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀ láàárọ̀, eṣinṣin ni yóò bá a jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí igi ìdáná wá gún un lẹ́sẹ̀ ní ìdí ààrò, ó kàn nu ẹ̀jẹ̀ dànù ni, ó jókòó. Egbò kẹ̀, ó ń rùn. Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn gbé e lọ sí ọsibítù, ó ní opó kì í fẹsẹ̀ kan títì.

Ẹnu Àbẹ̀bí fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó rọ̀ ọ́, ó bú u, ó fi orúkọ òkú bẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ràfíátù kọ etí ikún sí i. Kì í sì í ṣe egbò nìkan ló ń dẹ́rù ba Àbẹ̀bí. Ó ti rí i lójú obìnrin náà pé ó ń fi tákàbá bojú lásán ni. Bí wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn, bí ẹsẹ̀ yẹn pa á, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ọmọ kan ti bọ́ mọ́ Àbẹ̀bí lọ́wọ́. Kò fẹ́ sin ìkejì.

Ló bá rán Bùràímọ̀ sí ìlú Màsífà nítòsí pé kó fi alùpùpù rẹ̀ lọ gbé Àáfà Sùlàímọ́nù wá. Bùràímọ̀ kì í sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" mọ́ látìgbà tó ti dé. "Wí" ló ń sọ, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé Faransé ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní "wí," ó gbéra.

Àáfà dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀sìn kò ní kí aláìsàn má lọ gba ìtọ́jú, ìbáà ṣe opó. Ràfíátù ò gbójú sókè. Ó ní òun á lọ bí òun bá parí, kò kúkú ju oṣù mélòó kan lọ mọ́. Àáfà wò ó títí, ó wá yíjú sí Bùràímọ̀, ó bi í ní ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì bi í: ìgbà wo gan-an ni Múrítàlá kú?

Bùràímọ̀ ní nínú ààwẹ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ò tètè rọ́nà wá sọ fún wọn ni, ọjà ló so òun mọ́lẹ̀ ní Kùtọnu.

"Ràfíátù, gbọ́ mi," Àáfà wí. "Ọjọ́ tí ọkọ kú là ń kà, a kì í ka ọjọ́ tí ìyàwó gbọ́. Láti inú ààwẹ̀ títí di ìgbà tí Bùràímọ̀ wọ̀lú, ó ti lé ní oṣù márùn-ún. Tákàbá rẹ ti pé kí o tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ràfíátù gbójú sókè.

"Kí wá ni mo ti ń ṣe látìgbà yìí, Àáfà?"

"O ń pa ara rẹ tì ni. Ọlọ́run ò sì bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Àmánà Rẹ̀ ni ara yẹn, ohun tó fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́ ni."

Àbẹ̀bí rò pé Ràfíátù yóò bú sẹ́kún. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀rín gbígbẹ, kí ẹkún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó sunkún tán, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun gbé omi kaná. Àbẹ̀bí sáré débi pé ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ tú lára rẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà ní bí wọ́n bá tún fi falẹ̀ díẹ̀ sí i, gígé ni ìbá kù. Wọ́n tú ọyún inú egbò náà dànù, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ dúró. Àbẹ̀bí mí kanlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dárí ji Bùràímọ̀, àti ọjà Kùtọnu àti "wí" rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé láti ọsibítù, ó jókòó ti Ràfíátù, ó tú irun rẹ̀ tó ti dì, ó fi àdín sí i, ó sì di í. Ó ń dàpárá pé iná orí tó bọ́ sílẹ̀ pọ̀ tó àwọn ará ìlú Ara àti ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn lápapọ̀. Bó ti tẹ̀ síwájú láti he òòyà ni gèlè bọ́ lórí òun fúnra rẹ̀. Ràfíátù bojú wẹ̀yìn. Irun ìyá náà ti so kókó, ó ti pupa, òòyà ò kàn án látọjọ́ tí ìròyìn ti dé. Kíá ni Àbẹ̀bí na ọwọ́ sí gèlè, ó ní arúgbó bíi tòun, ta ló ń wò ó.

"Màámi," Ràfíátù ní, "ìgbà wo ni tiyín máa pé?"

Àbẹ̀bí gbé gèlè náà lé itan. Kò sí àáfà tí í ka oṣù fún ìyá tọ́mọ rẹ̀ kú. Kò sẹ́ni tí yóò wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ kó sọ pé ó tó. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun náà ti wọlé tákàbá.

Ràfíátù ò dúró gbọ́ èsì. Ó gba òòyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ìyá náà sáàárín orúnkún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dun Àbẹ̀bí dé ọpọlọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kó má dáwọ́ dúró.