Sítíárìn Bàbá Ìmọ́lẹ̀

“Dírẹ́bà, ṣé títì là ń tọ̀ ni, àbí igbó lẹ fẹ́ kó wa wọ̀?”

Ìyá àgbà tó jókòó síwájú ló sọ bẹ́ẹ̀. Láti Àgọ́-Àrẹ ni kò ti gbé ojú kúrò lára sítíárìn. Ọkọ̀ ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n sítíárìn wọ́ sápá òsì bíi fìlà orí ọ̀mùtí.

“Títì la wà, Màmá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

“Bó ṣe máa ń ṣe? Ẹ̀yin náà ẹ wá gbọ́ o! Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn!”

Àwọn èrò ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Ògúntóyè tó ń wakọ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹ̀rín àti ìbínú ti di nǹkan àwọn ẹlòmíràn lójú rẹ̀.

Bí wọ́n ti dé gáréèjì ní Ṣakí, ìyá náà kò tíì gbé báàgì rẹ̀ tó fi lọ fẹjọ́ sun Jẹ́ẹ́dé, alága gáréèjì. Jẹ́ẹ́dé wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ táyà iwájú, ó sì yára fà á padà.

“Ògúntóyè! Wáyà ti yọ nínú táyà yìí. Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?” Bó ti sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu. “Má bínú. Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ wí i nìyẹn.”

“Kò sí nǹkan kan, Alága.”

“Ó dáa, gbọ́. O ò ní kó èrò mọ́ ní gáréèjì yìí, àfi tó o bá tún un ṣe. Ṣebí Ládòkun mẹkáníìkì nìyẹn. Kó yọ sítíárìn, kó yí i sáàárín, kó dè é padà. Èrò ò ní rí nǹkan kan wí mọ́.”

Tẹ́lẹ̀ rí, Bàbá Ìmọ́lẹ̀ ni Jẹ́ẹ́dé máa ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo gáréèjì ń pè é, títí kan àwọn tó ń ta búrẹ́dì. Láti ìgbà tí Ìmọ́lẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọn ò ṣèpàdé lé e lórí. Olúkúlùkù kàn rò pé àánú nìyẹn. Nílé náà, Morẹ́nikẹ́ ni wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀ báyìí, bí ẹni tí kò bímọ rí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ìmọ́lẹ̀, òun nìkan ni wọ́n sì bí. Ọ̀dọ̀ ìyá Morẹ́nikẹ́ ní Àgọ́-Àrẹ ni ibà ti dá a dúbúlẹ̀. Ògúntóyè lọ gbé òun àti ìyá rẹ̀, ó sì fi eré sí i, ó fẹ́ tètè dé ọsibítù. Nítòsí afárá, táyà iwájú já sínú kòtò, gbàù! Lórí itan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ọmọ náà sọ̀rọ̀: “Bàbá mi, ẹ rọra.” Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Láti ọjọ́ náà ni sítíárìn ò ti dúró sáàárín mọ́.

Ọdẹ́bọ̀dé, ẹ̀gbọ́n Ògúntóyè, àtàwọn ará àdúgbò ló lọ sin ọmọ. A kì í fi sàréè ọmọ han òbí, wọn ò sì fi han àwọn náà. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó bàtà rẹ̀, wọ́n gbé báàgì ilé-ìwé rẹ̀ lọ, kí ojú òbí má baà máa rí i. Àwọn èèyàn ń wá kí wọn: “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Ògúntóyè ń dúpẹ́, ó ń ṣe àmín. Omijé ò jáde lójú rẹ̀. Gbogbo nǹkan Ìmọ́lẹ̀ ló ti kúrò nílé, àfi sítíárìn tó wọ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kó ìyẹn náà. Nígbàkígbà tó bá dì í mú, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí sítíárìn bá tọ́, òun ò ní gbọ́ ohùn náà mọ́ láéláé.

Kò lọ sọ́dọ̀ Ládòkun. Ọ̀dọ̀ Alùfáà Samsudeen tó ń ṣe aláímẹ́ǹtì lọ́nà Pólì, tó ń to táyà kó tọ́ kó má baà máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ló gbé ọkọ̀ lọ.

“Alùfáà, ẹ bá mi tún táyà ṣe kó má jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sítíárìn sílẹ̀ bó ṣe wà.”

Samsudeen wò ó dáadáa. “Sítíárìn làwọn ẹlòmíì máa ń ní kí n tún ṣe, kí n fi táyà sílẹ̀. Wọ́n á ní kò kúkú sẹ́ni tó ń rí inú táyà. Ohun tí ìwọ ń sọ yìí ṣeé ṣe o, àmọ́ kí lo fẹ́ fi sítíárìn wíwọ́ ṣe?”

Ògúntóyè na ọwọ́ wọ inú ọkọ̀, ó di sítíárìn mú.

“Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó wọ́.”

Samsudeen rọra gbé sípánà sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ omi, kò sọ̀rọ̀ agbè.

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú, kò sẹ́ni tó bi í. “Ìmọ́lẹ̀.”

“Ìmọ́lẹ̀,” Samsudeen tún un pè. “Ọlọ́run á kẹ́ ẹ. Ṣé ó máa ń bá ọ sọ̀rọ̀ tó bá wà nínú ọkọ̀?”

“Ó ní kí n rọra.”

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, etí ara rẹ̀ ló sì fi gbọ́ ọ. Ó wo táyà tí wáyà ti yọ nínú rẹ̀. Ó rántí ìyá àgbà yẹn, ó rántí àwọn tó gbé ọmọ wọn lé itan lẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ ní kó rọra, irú táyà yìí ló sì fi ń kó èrò lórí eré láti ìgbà yẹn.

“Ẹ tún un ṣe, Alùfáà,” ó ní. “Àti sítíárìn.”

Samsudeen yí sítíárìn sáàárín, ó fi igi há a mọ́ àga kó má baà yí. Ó na okùn láti ara táyà ẹ̀yìn dé ara ti iwájú, ó wọlé sábẹ́ ọkọ̀, ó ń yí irin díẹ̀díẹ̀, ó ń jáde wá wo bóyá okùn tọ́. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pààrọ̀ àwọn táyà tó ti jẹ.

Lọ́nà ilé, sítíárìn tọ́, ọkọ̀ tọ́. Ọwọ́ Ògúntóyè nìkan ni kò tíì mọ̀. Ó ṣì ń fà á sósì. Ó ń dá a padà, ó sì ń tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan àfi ìró ẹ́ńjìnnì.

Morẹ́nikẹ́ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀, kò gbójú sókè.

“Ìyá Ìmọ́lẹ̀.”

Ọwọ́ obìnrin náà dúró nínú atẹ.

“Ta lẹ̀ ń pè?”

“Ìwọ ni. Mo ti tún sítíárìn ṣe. N ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.”

“Ohùn ta ni?”

“Ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí n rọra.”

Atẹ bọ́ lọ́wọ́ Morẹ́nikẹ́, ẹ̀wà fọ́n ká sílẹ̀. “Ẹ gbọ́ ọ? Mo rò pé èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Mo ní bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó rò pé mò ń dá yín lẹ́bi.”

“Mo gbọ́ ọ.”

Ògúntóyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà náà. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

“Wí i fún mi,” ó ní. “Bó ṣe wí i gan-an.”

Morẹ́nikẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì fi ohùn kékeré yẹn wí i: “Bàbá mi, ẹ rọra.”