Páálí Ojú Máàpù

Gan-un! Gan-un! Gan-un! Bí irin náà ṣe máa ń dún nìyẹn nígbà èwe Svetozar. Ègé irin rélùweè kan ni, tí wọ́n fi ṣéènì so rọ̀ sára igi létí odò Dánúbù. Ẹni tó bá fẹ́ sọdá ni yóò fi òkúta lù ú, bàbá ọ̀rẹ́ Svetozar kan tó ń jẹ́ Krešo yóò sì tu ọkọ̀ rẹ̀ wá láti òdì kejì. Bí kò bá tíì jẹun tán, yóò kọ́kọ́ ké láti ọ̀hún pé, "Ta nìyẹn? Ṣé ìyàwó rẹ ń rọbí ni?" Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá Sérbíà ló ni odò tàbí Kroatíà. Odò ni, ó ń ṣàn lọ.

Ìró yẹn ló ń dún létí bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin náà bó ṣe dúró níwájú máàpù tí òun fúnra rẹ̀ tún ṣe. Ìlú Fiẹ́nà nílẹ̀ òkèèrè ló ń gbé láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, níbi tó ti ń tún ìwé àtijọ́ tó ti gbó ṣe. Milena, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà ní ìlú wọn létí odò, níhà Sérbíà. Òun ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sílé wá sọ̀rọ̀ nípa máàpù náà níwájú mínísítà, ẹni tó ń bọ̀ wá ṣí àfihàn wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bàbá ti dé, ó ti wọ kóòtù, ó ti so táì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fọwọ́ kan férémù máàpù náà lẹ́yìn rẹ̀.

"Milena, ta ló fi páálí bo ẹ̀gbẹ́ máàpù mi?"

"Bàbá, páálí lásán ni. Ọ̀ṣọ́ ni."

"Ọ̀ṣọ́? Irú ọ̀ṣọ́ wo ló ń gbé odò mì?"

Awọnlẹ̀ ọba ńlá Fiẹ́nà ló ya máàpù náà láyé àtijọ́. Lórí rẹ̀, odò pín sí méjì yí erékùṣù Jasenova ká: apá kan gba ìwọ̀-oòrùn lọ, apá kejì gba ìlà-oòrùn. Láàárín erékùṣù náà, awọnlẹ̀ kọ ọ́ pé pápá ìjẹko abúlé tó wà ní èbúté méjèèjì ni. Ní báyìí, páálí funfun tó nípọn ti bo apá odò tó wà ní ìlà-oòrùn àti ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Erékùṣù wá fara ti èbúté Sérbíà bí ọmọ ewúrẹ́ ṣe ń fara ti ìyá rẹ̀. Àlejò tó bá wò ó kò ní mọ̀ pé omi ti wà láàárín wọn rí.

"Àwọn tó wá láti olú-ìlú ló ní kí n ṣe é," ni Milena wí. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí ogun Sérbíà àti Kroatíà ti parí ni ìjọba méjèèjì ti ń fa erékùṣù yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní máàpù tó bá máa wà lára ògiri wa, tiwa ni kó sọ."

"Ṣé máàpù wá di ẹlẹ́rìí èké, tí ẹ ń kọ́ ní ohun tó máa wí?"

"Ẹ má torí ẹ̀ bínú sí mi, Bàbá. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ọ̀hún." Ó na fóònù sí i. Fọ́tò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú tó kọjú sí tiwọn lódìkejì odò ló wà níbẹ̀. Àwọn yẹn ti ṣí àfihàn tiwọn lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Svetozar gbé awò sójú. Máàpù kan náà ni, ojú kan náà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n páálí tiwọn wà ní ìwọ̀-oòrùn, erékùṣù sì fara ti èbúté Kroatíà pẹ́kípẹ́kí.

Nígbà tó ń wọlé bọ̀, ó ti rí kéèkì tí wọ́n ṣe fún mínísítà. Wọ́n ṣe é ní àwòrán orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n fi jáàmù pupa kun erékùṣù létí rẹ̀, ó yọ gọngọ bí oówo. Òórùn ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n ń sè lágbàlá pàdé òórùn gọ́ọ̀mù ara páálí nímú rẹ̀, itọ́ kíkan sì sun sí i lẹ́nu.

"Ìgbẹ́ ajá kan náà ni ẹ pín sí àwo méjì," ó wí, "tí oníkálukú ń pe tirẹ̀ ní oúnjẹ. Ẹ̀yin àti àwọn. Tùẹ̀!"

Ó fẹ́ dá fóònù padà, ló bá rí arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà, tó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Krešo ni. Irun orí rẹ̀ ti lọ tán. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, àmọ́ páálí ni Krešo ń wò, ó sì ká ètè bí ẹni tó ge àsálà jíjẹrà jẹ. Svetozar mọ ojú yẹn. Lórí erékùṣù náà ni àwọn méjèèjì ti jọ da màlúù, tí wọ́n jọ pa àsálà jẹ.

Láti ìgbà ogun, ẹnì kankan nínú wọn kò wá èkejì. Ìgbà tí ìyàwó Svetozar kú ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Mo gbọ́. Ó dùn mí. Krešo." Ó kà á, ó sunkún, kò fèsì. Ó ti di ọdún mẹ́ta.

Ó ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó yọ sukudiráfà rẹ̀ jáde. Milena sáré bọ́ síwájú férémù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ń padà sí Fiẹ́nà lọ́jọ́ Ajé. Èmi lẹ máa fi sílẹ̀ síbí. Bí ẹ bá yọ páálí yìí, iṣẹ́ mi ti bá a lọ nìyẹn, ọmọ méjì sì ni mò ń dá tọ́."

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó yẹ. Ó sọ ọwọ́ sílẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ. Bó o bá ní kí n má yọ ọ́, n óò bọ́ táì yìí, n óò lọ jókòó sí kíṣìnì ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró sọ̀rọ̀ níwájú ìdọ̀tí yìí, ẹ ó sì yọ orúkọ mi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà ṣáà mọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn ni ìyá rẹ máa ń pọ̀n ọ́ sí tó bá ń sọdá lọ ra wàrà lọ́wọ́ ìyá Krešo. Ta ló ní kẹ́ ẹ padà nígbà yẹn?"

Milena yíjú sí máàpù, ó wò ó pẹ́.

"Láti àárọ̀ ni òórùn gọ́ọ̀mù yìí ti ń rìn mí nínú," ó wí níkẹyìn. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé. Svetozar gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí nínú ihò. Ó tì mí mọ́lé, ó rò ó nínú ara rẹ̀, ọlọ́pàá ló máa pè báyìí. Ọmọ àbúrò mi!

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn ará olú-ìlú ní gbọ̀ngán: "Màdáàmù, mínísítà ti wọ ìlú o! Kí ló dé tí ibí yìí wà ní títì?"

"Ẹ ní sùúrù," ohùn Milena ló dáhùn. "Bàbá ṣì ń nu gíláàsì. Ẹ mọ àwọn arúgbó Fiẹ́nà, wọn kì í kánjú. Ẹ máa fún wọn ní kéèkì jẹ ná. Ibi erékùṣù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Svetozar tú sukúrù férémù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé gíláàsì sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣí páálí náà. Apá odò kejì yọ jáde. Ọ̀rọ̀ awọnlẹ̀ pé padà. Ó dá gíláàsì padà, ó mú un le.

Ó wá jókòó, ó wá ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta yẹn kàn lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi ìka kan tẹ èsì sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ lókè, bí ọwọ́ ẹni tó di òkúta mú níwájú irin àtijọ́ náà. Ló bá fi í ránṣẹ́:

"Krešo, Svetozar ni. Mo ti yọ páálí ojú tiwa kúrò. Tiyín ńkọ́?"