Àga Yín Rèé, Bàbá

Ẹ má bi mí pé èló ni mo ra àga náà. Gbogbo ẹni tó ti bi mí rí ló pariwo, ariwo ọ̀hún sì ti sú mi. Ọ̀rẹ́ mi Adéọlá, tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, káwọ́ lérí nígbà tó gbọ́. Ó ní owó yẹn á ra odindi sẹ́ẹ̀tì àga pálọ̀, á sì tún ku nǹkan sílẹ̀. Ó ní, "Olúfúnkẹ́, ìdí kan ṣoṣo lo ní o! Kí ni ìdí kan ṣoṣo fẹ́ fi àga olówó gọbọi ṣe?" A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn mo ṣì lè rẹ́rìn-ín kí ó má dé ẹ̀yìn mi.

Kì í ṣe fáàrí ni mo fi rà á. Ọdún 2004 ni. Iyaro ní Benin la ń gbé, èmi, ọkọ mi Bámidélé tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àti Èyítọ́pẹ́ ọmọbìnrin wa. Èmi ni mo ń bá àwọn ọmọ yunifásítì fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi wà, ojú fèrèsé yẹn náà ni wọ́n ti ń na ìwé wọn sí mi. Bí iná bá lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀, a ó máa bá iṣẹ́ lọ. Orí àga oníke ni mo ti ń ṣe é láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, iṣẹ́ ọ̀hún ló sì ń gbé ilé wa dúró, nítorí owó oṣù tíṣà kì í tètè dé.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé bí mo ṣe sùn ni kò dáa. Nígbà tó yá, ìrora náà gba ìbàdí, ó sọ̀kalẹ̀ sí itan, ó sì dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Dókítà egungun tó yẹ̀ mí wò ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn mi ti ń yọ síta, ó sì ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Òyìnbó ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yé mi yékéyéké: kí n wá àga gidi tó máa gbé ẹ̀yìn mi dúró, tàbí kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí n kò ní lè jókòó mọ́. Mo rò ó títí. Iṣẹ́ wo ni mo mọ̀ tí èèyàn ń ṣe lórí ìdúró?

Ọkùnrin kan ń ta àga ọ́fíìsì ní ọjà New Benin, èyí tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Mo jókòó lórí méjì mẹ́ta, n ò rí ìyàtọ̀. Ló bá fa dúdú kan jáde láti ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ní ibi ìgbọ́rílé, ó ní ibi ìgbápálé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ bí ẹ̀yìn èèyàn. Mo jókòó, ó yí nǹkan kan lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ẹnì kan na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbá ìbàdí mi mú. Ìrora tó ti ń bá mi jí, tó ń bá mi sùn, dákẹ́. Mo bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni. Ọkùnrin náà rò pé iye tí òun pè ló pa mí lẹ́kún, ó sì bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí mo ń gbádùn ara mi tí bàbá ọkọ mi dé láti Ìkàrẹ́. Awọ funfun ti bo ojú Bàbá Títíloyè, kò rí kọjá òjìji èèyàn mọ́, Bámidélé sì ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Benin. Orí àga mi ni mo wà nígbà tí wọ́n wọlé. Mo sáré dìde, mo kúnlẹ̀. Bámidélé fa àga náà wá síwájú bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Àga yín rèé."

Ta ni nínú wa tí kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí? Ilé yín rèé. Oúnjẹ yín rèé. Ẹni tí a bá sọ fún pé ilé yín rèé kì í wá béèrè kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá jókòó, ó gbé ẹ̀yìn lé e. Ó fi ọwọ́ pa ibi ìgbápálé, ó fọwọ́ kan ọ̀rá tí n kò tíì bó kúrò lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Bámidélé, èmi lo ra irú èyí fún?"

Bámidélé rẹ́rìn-ín. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rín yẹn ni n kò tíì dárí rẹ̀ jì í.

"Láti ọjọ́ tí ìyá yín ti kú," Bàbá wí, omi ti ń dà lójú rẹ̀, "kò sí ẹni tó bi mí pé níbo ni mo ń jókòó sí. Àga ò ní yẹ̀ nídìí ẹ̀yin méjèèjì. Ìyàwó mi, ọmọ á jókòó tì ọ́. Wàá jókòó pẹ́, ìjókòó rẹ á tura."

"Àmín, Bàbá," mo wí. Kí ni kí n wí?

Èyítọ́pẹ́ ni kò mọ ìtìjú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáni lóhùn bíi gbogbo ọmọ àdúgbò. Ó nàka sí àga náà. "Grandpa, na Mummy get am!" Mọ́mì ló ni ín, ló ń wí.

Bàbá yíjú síbi tí ohùn ti wá. Kò gbọ́ Pidgin rárá. "Kí ni ọmọ mi wí?"

Bámidélé wò mí. Mo wo Bámidélé. Mo ní, "Ó ní ó yẹ yín, Bàbá."

Inú Bàbá dùn débi pé ó ní kí ọmọ náà tún un sọ. Ó gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ̀: "Na Mọ́mì gẹ́dàámù." Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí àga mi láràárọ̀, á ké e bí ẹni ń ki oríkì: "Na Mọ́mì gẹ́dàámù!" Èyítọ́pẹ́ á kú sẹ́rìn-ín. Èmi á gbé ìrọ̀rí lé àga oníke, á sì di ẹnu iṣẹ́.

Mo bá ọkọ mi sọ ọ́ ní kíṣìnnì.

"Ṣé kí n lọ sọ fún bàbá mi pé kó dìde ni?" ó bi mí.

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ sọ pé dókítà ló ní kí n rà á."

"Lẹ́yìn tó ti sunkún? Tó ti sọ ọ́ ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ra àga fún òun? Ìyá Èyítọ́pẹ́, á rò pé o kò fẹ́ òun nílé ni. Jọ̀ọ́, ṣe sùúrù. Ṣebí kò ní pẹ́ lọ."

Ó pẹ́. Ọsibítù ní kó lọ kó padà wá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, wọ́n ní kó kọ́kọ́ wálẹ̀. Mo máa ń jókòó lórí àga mi bí ó bá lọ sí ìsìn òwúrọ̀, bí olè ni mo sì ṣe ń jókòó lé e, tí mo ń tẹ́tí sí ìró ọ̀pá rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ aláròyé ni, ẹnu mi ì bá ti là. Èmi tí mo lè bá oníbàárà jà lórí àmì ohùn kan ṣoṣo, mo wá di odi nínú ilé ara mi.

Wọ́n ṣe ojú náà níkẹyìn, ó sì yọrí sí rere. Ní àárọ̀ tí wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀, ó wò mí bí mo ṣe ń gbé tíì bọ̀.

"Ìyàwó mi, kí ló dé tí o fi ń wọ́ ẹsẹ̀ báyìí?"

Àyè rèé. Bámidélé kò sí nílé, ọmọ wà ní ilé ìwé, àwa méjèèjì nìkan ni. Ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi.

"Iṣẹ́ ni, Bàbá. Á lọ."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Kékeré ni mo ti mọ òwe náà. Mímọ̀ rẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọjọ́ tó ń padà sí Ìkàrẹ́, mo rò pé àga mi ti bọ́. Mo bá a di ẹrù rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, Bàbá ti fi aṣọ ìbora rẹ̀ wé àga náà, Bámidélé sì ń wá okùn. Mo tẹ̀ lé wọn dé ibùdókọ̀ Aduwawa, mo dúró bí kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣe ń dì í mọ́ orí bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ márààrún nà sókè. Bàbá yọrí lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí Èyítọ́pẹ́. "Na Mọ́mì gẹ́dàámù!" Ọkọ̀ gbéra, ó kọrí sí ọ̀nà Auchi.

"Màá ra òmíràn fún ọ," Bámidélé wí. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ohun tí dókítà sọ ṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró lójú fèrèsé, mo dìde láti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì mọ ẹsẹ̀ òsì mi lára mọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi. Wọ́n là mí lẹ́yìn, wọ́n rán an, mo tún rìn. Ṣùgbọ́n ìjókòó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá jókòó, kí ẹyin tó jinná lórí iná, mo gbọ́dọ̀ ti dìde. A ta kọ̀ǹpútà. Káàdì fóònù ni mo ń tà báyìí níwájú ilé, lórí ìdúró, lábẹ́ agboòrùn.

Bàbá a máa pè wá lórí fóònù. Gbogbo Kérésì ló ń ní kí n wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó sínú bọ́ọ̀sì dé Ìkàrẹ́? Bámidélé nìkan ló ń lọ. Ó máa ń dé, á ní, "Bàbá ní ìwọ gan-an ni òun fẹ́ rí." Ó tún sọ fún mi pé Bàbá fi aṣọ funfun bo àga náà ní yàrá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn án. Inú bí mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí kò ní lò ó, kí ló gbé e lọ fún?

Ó kú lọ́dún 2009. A háyà ọkọ̀, mo dùbúlẹ̀ sí ìjókòó ẹ̀yìn láti Benin dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo àga ilé jáde fún àwọn àlejò. Ìyá Fọláyẹmí, àbúrò Bàbá, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, mú mi wọ yàrá lọ, ó sì ṣí aṣọ funfun náà. Àga mi nìyẹn. Ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀.

"Kò jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan látìgbà tó ti gbé e dé," ìyá náà wí.

Mo ní, "Kí ló dé, Mà?"

"Ó ń kọ orin kan bọ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ń ti Benin bọ̀. Na Mọ́mì kí ni... mi ò mọ̀ ọ́n pè. Dẹ́rẹ́bà ní, 'Bàbá, Mọ́mì wo ló ni kí ni?' Ibẹ̀ ló ti bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti kọjá Auchi nígbà náà." Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. "Mo ní kó dá a padà. Ó ní bí òun bá dá a padà, òun á dójú ti ọmọ òun, òun á sì sọ ìwọ di onírọ́. Ó ní o ń bọ̀. Bí o bá dé, òun á ní kí o jókòó, òun á sì fi àga rẹ lé ọ lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo Kérésì ló ń ní kí n nu eruku ara rẹ̀. Ó yá, jókòó. Àga rẹ rèé."

Mo jókòó. Ọwọ́ yẹn tún gbá ìbàdí mi mú láti ẹ̀yìn, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní New Benin. Ó tó owó tí mo fi rà á. Kí ẹnikẹ́ni má tún bi mí mọ́, ó tó o. Mo sunkún fún Bàbá, mo sì sunkún fún ara mi. Kò pẹ́ tí ìrora náà fi jí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí itan, sí orúnkún.

Mo gbójú sókè. Ìyá Fọláyẹmí ṣì dúró lórí ọ̀pá, kò sì sí àga mìíràn nínú yàrá. Mo di ògiri mú, mo dìde.

"Ẹ jókòó, Mà," mo wí. "Àga yín rèé."

Ó jókòó, ó gbé ẹ̀yìn lé e, ó sì mí kanlẹ̀. "Háà," ó wí, "ó mà tura o."