Ẹnu Kékeré tó Wà Láyà Mi

Bọ́lá, jókòó, bá mi kọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Mo lálàá pé mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n fẹ́ ri nǹkan kékeré kan mọ́ abẹ́ awọ àyà mi, kí oògùn jẹjẹrẹ lè máa gba ibẹ̀ wọlé, torí iṣan apá mi ti sá pamọ́. Ta ló wọlé bíi dókítà? Bàbá rẹ bíríkìlà! Àna mi, èmi láìwọ bùbá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ tọ̀bẹtọ̀bẹ, ó dìde, ó gún mi lábẹ́rẹ́ tí í mú ara kú.

"Ṣé ibẹ̀ ti kú, Màmá?"

Kò tíì kú rárá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó tètè gbójú kúrò lára ọmú mi. Mo ní, "Ó ti kú tipẹ́, ọkọ ọmọ mi, máa gé e."

Ó gé e, ó ki nǹkan kékeré náà bọ ibẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rán an tán, nǹkan náà la ẹnu, ó ń fi ohùn mi pariwo: "Irọ́ ló pa! Ó ń dùn ún! Ojú ló ń tì í!"

Àwọn nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ìyá bàbá rẹ tẹ̀ lé wọn. Mo fọwọ́ méjèèjì bo nǹkan náà lẹ́nu, ó ń bu ìka mi jẹ, ni mo bá jí.